Kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé: bí ẹ ṣe lè tọ́jú òrùlé onípàrápẹ́ẹ̀tì kó má baà jò

Òrùlé kì í jò nínú ọyẹ́. Ohun tó ń mú wa gbàgbé rẹ̀ nìyẹn, títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi já lé wa lórí lóṣù kẹta, tí kálukú á wá máa gbé agbada àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kiri pálọ̀ láàárín òru. Bí káfíńtà bá sì gbọ́ ohùn yín lórí fóònù lọ́jọ́ náà, iye tó máa pè kì í ṣe iye tí ì bá pè lóṣù kìíní. Oṣù kìíní sí oṣù kejì ni kí ẹ gun òrùlé yín. Ilẹ̀ gbẹ, kọnkéré gbẹ, ohunkóhun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò mú un.

Ilé onípàrápẹ́ẹ̀tì ni mò ń bá wí jù níbí, irú èyí tó ti kún Iléṣà báyìí, láti Ìmọ̀ dé Bọ́lọ́rùndúró. Ilé bàbá mi ní Ìsọ̀kùn kò ní ìyọnu yìí. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti pupa bí ilẹ̀ ojú ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bọ́ sórí rẹ̀, ó di ọ̀ṣọ̀rọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó parí. Láti kékeré la ti ń gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ yẹn, tí à ń da omi rẹ̀ sí àmù. Ilé onípàrápẹ́ẹ̀tì kò ní ọ̀ṣọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ògiri yí òrùlé ká kí páànù má baà hàn sójú títì. Láàárín ògiri yẹn àti etí páànù, wọ́n fi kọnkéré ṣe gọ́tà kan tí omi òrùlé ń dà sí, páìpù ló sì ń gbà bọ́ sílẹ̀. Bí páìpù bá dí, gọ́tà á kún. Omi á máa ga títí yóò fi kọjá etí páànù, á yí wọ abẹ́ rẹ̀, á gun orí ògiri, á bọ́ sí àjà. Ó lè máà sí ihò kan ṣoṣo lára páànù yẹn o.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ṣe mí. Lọ́dún tí a kó wọ ilé mi, òjò oṣù kẹsàn-án kan bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, kó tó di ọ̀gànjọ́ àjà POP yàrá wa ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ó sì já lulẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Káfíńtà tí mo pè fi sílíkọ́ọ̀nù pa orí gbogbo ìṣó tó wà lórí ilé. Ó gba owó rẹ̀. Òjò tó tẹ̀ lé e, ilé jò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà yẹn ni mo lọ bẹ bàbá àgbàlagbà tó kan òrùlé ilé bàbá mi. Baba gun àkàbà, kò tilẹ̀ wo páànù. Inú gọ́tà ló lọ tààrà, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu páìpù dé ìgbọ̀nwọ́, ó fa ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ewé tó ti jẹrà di dúdú, àti àpò sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ jáde. Bí ó ti fa àpò yẹn yọ, a gbọ́ omi nínú páìpù: gbùúù! Baba wò mí láti òkè.

“Páànù rẹ ò ṣe nǹkan kan. O ti omi mọ́lé, o wá ń bi í pé kí ló dé tó ń kanlẹ̀kùn.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe é fúnra mi lọ́dọọdún, bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Kí ẹ tó gòkè

Ẹ má dá gùn ún. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ẹsẹ̀ àkàbà mú, kí ó sì dúró síbẹ̀, kì í ṣe kó di í mú kó tún máa tẹ fóònù. Bàtà kánfáàsì tó mú ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ wo ibi tí wáyà iná gbà kọjá. Bí ẹ bá ní láti tẹ páànù, orí ìlà tí ìṣó tò sí ni kí ẹ máa tẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni pákó wà lábẹ́. Páànù tí kò ní pákó lábẹ́ yóò tẹ̀, ibi tó bá sì tẹ̀ ni omi yóò máa dá sí.

Kíkó gọ́tà

Ẹ mú ṣọ́bìrì kékeré, ìgbálẹ̀, àti àpò ìrẹsì tó ṣófo. Ẹ má fi omi fọ ìdọ̀tí náà lọ sínú páìpù kí ẹ lè tètè parí, ìyẹn ni pé ẹ ń fi ọwọ́ ara yín dí i. Gbígbẹ ni kí ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ óò bá eruku ọyẹ́ tó ti dì mọ́ ilẹ̀ gọ́tà bí amọ̀. Ẹ ha á kúrò. Bí igi fúrúùtù bá wà nítòsí yín, ẹ kú iṣẹ́ o, nítorí nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń wọ́ ewé, ewé rẹ̀ sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́: ẹyọ kan péré tó bo ẹnu páìpù ti tó láti mú kí gọ́tà kún. Èmi kò sọ pé kí ẹ gé e. Ìbòòji rẹ̀ dára, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn èso rẹ̀. Ẹ sáà gé ẹ̀ka tó bá nà bọ́ sórí ilé.

Bí ilé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹ wá yanrìn, ègé bíríkì àti sìmẹ́ǹtì tó dì. Ojú mi ti rí gọ́tà ilé tuntun tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn tó rẹ́ ògiri gbọ̀n dànù síbẹ̀.

Páìpù

Ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì sí ẹnu páìpù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnìkan sì máa wo ìsàlẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ tú jáde pẹ̀lú agbára. Bó bá ń ṣe ṣírí-ṣírí, nǹkan wà nínú rẹ̀, ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà ló sì sábà máa ń wà. Kọ́nà tó ṣẹ́ gíri ni ewé fẹ́ràn. Bí pọ́lọ́ńbà bá máa tún un ṣe, kí ó lo kọ́nà méjì tó rọra yí dípò ẹyọ kan tó ṣẹ́ gíri, kí ó sì fi ojú tí a lè ṣí sí i.

Ẹ wá ṣe ìṣirò yìí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́lé kì í ṣe é. Òjò mílímítà 1 tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, lítà omi 1 ni. Ilé tó bá jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 12 lóròó, tí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 6,000 ni omi tó bọ́ sínú gọ́tà yẹn. Táǹkì onílítà 1,000 mẹ́fà! Òjò ńlá kan lè rọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo níhìn-ín. Mo rí ilé tí wọ́n fi páìpù onííńṣì 2 kan péré sí gbogbo rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò fún omi tó ń ti ibi ìfọwọ́ jáde. Ẹ lo íńṣì 4. Ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti íńṣì 3. Bó ti wù kí ilé kéré tó, ẹnu méjì ni kó ní, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi, kí ọ̀kan lè gbà fún èkejì bó bá dí.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ẹnu páìpù, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Nẹ́ẹ̀tì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ewé méjì péré á bò ó bí ọmọrí ìkòkò. Ẹ ká a kí ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, kí ó ga tó ọwọ́ kan. Ewé á kó jọ sí ìdí rẹ̀, omi á gba òkè wọlé.

Ihò tó ń kéde

Bí ẹ kò bá ní ṣe nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ ṣe èyí. Ẹ ní kí bíríkìlà dá ihò sí ara ògiri pàrápẹ́ẹ̀tì, kí ó ki páìpù onííńṣì 3 kúkúrú bọ̀ ọ́, kí ó yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà kan kí omi má baà máa tò sára ògiri. Ibi tí ihò yìí wà ni iṣẹ́ wà. Ó gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ gọ́tà lọ, kí omi ojoojúmọ́ má gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ. Èyí kejì yìí ni wọ́n máa ń ṣì ṣe. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú ara yín: bí etí páànù bá ga tó íńṣì 8 sí ilẹ̀ gọ́tà, kí òkè ihò náà má kọjá íńṣì 6.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí páìpù ńlá bá dí lóru, tí omi ń ga bọ̀, kó tó dé abẹ́ páànù á ti rí ihò yìí, á máa tú síta. Ilé kò ní jò. Ẹ̀yin náà á sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ dá a síbi tí ojú tàbí etí yín lè tó, lókè fèrèsé ilé ìdáná tàbí níwájú ìta. Ẹnìkan ládùúgbò wa dá tirẹ̀ sẹ́yìnkùlé, sápá ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Omi ń dà níbẹ̀ fún odindi oṣù kan kó tó mọ̀, ó sì ti gbẹ́ ilẹ̀ ìdí ilé rẹ̀.

Dídán gọ́tà wò

Lẹ́yìn tí ẹ ti kó o mọ́, ẹ fi àkísà àti ọ̀rá dí ẹnu páìpù àti ihò náà, kí ẹ rọ omi sí gọ́tà títí yóò fi ga tó íńṣì 2. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí omi dé. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Oòrùn á fà díẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí omi bá lọ sílẹ̀ tó ìdajì íńṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ rí ọ̀rinrin lára ògiri nísàlẹ̀, gọ́tà náà ti là.

Bó bá ti là, ẹ má ṣe da omi sìmẹ́ǹtì lé e kí ẹ ní ó ti parí. Sìmẹ́ǹtì tó dì lórí ibi tó ń là yóò bá a là. Ohun tó ń mú un ni fẹ́ẹ̀tì dúdú ọlọ́dà, èyí tí wọ́n ń fi iná yọ́ mọ́ kọnkéré. Ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Kí kọnkéré gbẹ, kó sì mọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi sìmẹ́ǹtì yí igun ibi tí ilẹ̀ gọ́tà ti pàdé ògiri, kó má ṣẹ́ gíri, nítorí ibi tí fẹ́ẹ̀tì bá ti ká gíri ló ti máa ń ya. Kí fẹ́ẹ̀tì gun ògiri tó íńṣì 6, lápá ti páànù kí ó wọ abẹ́ páànù lọ. Kí ó sì wọ inú ẹnu páìpù, kí ó má dúró létí rẹ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ṣe é tán ni kí ẹ tún dán an wò fún wákàtí 24, kí ẹ tó sanwó tó kù.

Ẹ wo bí omi ṣe ń sá pẹ̀lú. Gọ́tà gbọ́dọ̀ rọra dà lọ sápá páìpù, sẹ̀ǹtímítà 1 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí omi bá dá sí lẹ́yìn tí ẹ ti tú ẹnu páìpù, ibẹ̀ ló jìn; ẹ̀fọn á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé ọmọ.

Páànù fúnra rẹ̀

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó fura sí páànù. Ẹnìkan á wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan á máa fi rọ́bà omi wọ́n orí ilé. Ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á sàn kọjá gbogbo ibẹ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ń jò. Ẹni tó wà nínú àjà kí ó rántí pé omi máa ń rìn lábẹ́ páànù, lára pákó, kó tó kán. Ibi tó ti kán kọ́ ló ti wọlé. Ẹ máa tọ àbààwọ́n lára pákó gòkè.

Ìṣó tí wọ́ṣà rẹ̀ ti gbó, ẹ yọ ọ́, ẹ fi èyí tó nípọn díẹ̀ jù ú lọ tó ní wọ́ṣà rọ́bà rọ́pò. Orí ibi tí páànù yọ ni ìṣó máa ń wà, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Ibi tí páànù kan ti gun èkejì lápá ìsàlẹ̀, íńṣì 6 ni kó fi gùn ún ó kéré tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu ibi tí wọ́n ti gun ara wọn kò gbọdọ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, nítorí apá ibẹ̀ ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti ń jà wá. Bí wọ́n bá ti kàn án sódì, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i báyìí ju pé kí ẹ fi ìṣó kún un. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá máa pààrọ̀ páànù.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tútù lẹ etí páànù alumíníọ́ọ̀mù mọ́ ògiri. Sìmẹ́ǹtì máa ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹ óò rí i pé ó ti lu wẹ́wẹ́ ní ìlà kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Òrùlé asibẹ́sítọ́ọ̀sì ti ilé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má ha á, ẹ má gé e, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ láìkìlọ̀.

Ti àwọn tó wà nílẹ̀ yìnyín

Àbúrò mi obìnrin wà ní Minnesota ní Amẹ́ríkà. Lóṣù kejì kan, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: omi ń kán láti àjà yàrá ọmọ rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá mi, òjò kankan ò rọ̀ o.” Nígbà tó ṣàlàyé tán, ẹ̀rín pa mí, nítorí ọ̀rọ̀ Baba náà ni, àní lórí yìnyín. Ooru tí wọ́n ń dá sínú ilé ń jò gba àjà gòkè, ó ń yọ́ yìnyín tó wà lórí òrùlé. Omi rẹ̀ á ṣàn wá sí etí òrùlé tó yọ síta kọjá ògiri. Ibẹ̀ kò ní ooru lábẹ́, omi á tún dì. Bó ṣe ń dì léra wọn, ó di odi. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rọ́nà lọ, á padà sẹ́yìn, á wọ abẹ́ ohun tí wọ́n fi bo òrùlé, á bọ́ sínú ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà lọ́hùn-ún, àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ dí gbogbo ibi tí ooru ń gbà gòkè: yíká gílóòbù tó wọnú àjà, yíká páìpù, yíká ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọ àjà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ́ òwú ìdènà ooru sí i kó nípọn. Afẹ́fẹ́ títutù gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, kí ó gba góńgó rẹ̀ jáde, kí òrùlé lè tutù dọ́gba. Àwa níhìn-ín ń wá bí òrùlé ṣe máa tutù kí a lè rí oorun sùn; ní tiwọn, bí kò bá tutù, ilé á jò.

Bí yìnyín bá pọ̀, ilẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ fi réèkì ọlọ́wọ́ gígùn tí wọ́n ṣe fún un wọ́ ọ kúrò ní etí òrùlé. Ẹ má gun òkè, ẹ má sì fi àáké gé omi dídì, òrùlé ni ẹ máa gé. Bí omi bá ti ń wọlé ná, wọ́n máa ń rọ iyọ̀ kálísíọ̀mù kúlóráìdì kún ìbọ̀sẹ̀ gígùn, wọ́n á gbé e dábùú odi náà kó lè yọ́ ọ̀nà kan fún omi. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò dára fún un. Á ba òdòdó ìdí ilé àti irin jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì máa pààrọ̀ òrùlé, kí wọ́n tẹ́ rọ́bà tí omi kì í wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, láti etí títí dé íńṣì 24 kọjá ògiri sínú, ó kéré tán.

Nígbà tí òjò bá dé

Lọ́jọ́ tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí òjò tó dá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, ẹ tún gòkè lọ kó gọ́tà, nítorí ti oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá le.

Lọ́dún tó kọjá, òjò kan ń rọ̀ lóru, a ti sùn. Mo gbọ́ ohùn omi tó ń bọ́ sórí ìkòkò tí ìyàwó mi dojú rẹ̀ dé sábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná: gbàà-gbàà-gbàà. Mo dìde jókòó. “Ilé ń jò ni?” ni ìyàwó mi bi mí. Mo ní rárá, ihò ni. A padà sùn. Ní àárọ̀ mo gun òkè. Nẹ́ẹ̀tì ti ṣí, ẹsẹ̀ bàtà sílípáàsì kan, ti ọmọ aládùúgbò wa tó ti ń wá a kiri láti ọjọ́ Sátidé, ló há sí ẹnu páìpù.